IGBA MẸ́TÀLÉLÓGÚN EBÈ: ỌJỌ́ ORÍ ILẸ̀ TÍ À Ń RO

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kan owó ẹgbẹ́, ó sì kan ilẹ̀ oko. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ pé ẹgbẹ́ méjì dá owó jọ láti gbẹ́ kànga. Àwọn kan gbẹ́ tiwọn ní ìhà Ṣakí tàbí Ìṣẹ́yìn, wọn kò tíì lọ jìnnà tí ọkọ́ fi kan akọ òkúta. Àwọn kejì gbẹ́ tiwọn ní ìhà Ìlarò tàbí Ìkòròdú. Iyanrìn ni wọ́n ń kó jáde láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rù tó sì ń bà wọ́n ni kí ẹ̀gbẹ́ kànga má ya lu ẹni tó wà nínú rẹ̀. Òkè kan náà ni òjò ti ń rọ̀ sí ilẹ̀ méjèèjì. Kí ló wá dé tí ìsàlẹ̀ wọn yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ọjọ́ orí ilẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ òun ti pẹ́ tó, tó sì mọ ohun tí ilẹ̀ náà ti là kọjá, yóò mọ irú ibi tí ó yẹ kí òun wá omi sí. Yóò mọ ìdí tí ajílẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, yóò mọ ohun tí òun ń pàdánù nígbà tí àgbàrá bá ń gbé erùpẹ̀ dúdú lọ lójú òun.

BÍ A ṢE MỌ ỌJỌ́ ORÍ ÀPÁTA

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó bá ìbẹ̀rẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n inú àpáta ni àrọ́bá rẹ̀ wà. Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ń gbà kà á.

Ọ̀nà kìíní dà bí àkìtàn. Ẹni tó bá gbẹ́ àkìtàn àtijọ́ yóò kọ́kọ́ kan ọ̀rá àti agolo mílíìkì. Bó bá gbẹ́ ẹ síwájú, yóò kan àfọ́kù ìkòkò amọ̀ àti ìkarahun ìgbín. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òkúta kan ṣe tò lórí ara wọn ní ìpele-ìpele, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n. Nicolaus Steno, ọmọ orílẹ̀-èdè Denmark, ló kọ òfin yìí sínú ìwé ní 1669. Lẹ́yìn rẹ̀ ni William Smith, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń gbẹ́ ipa omi fún ọkọ̀, ṣàkíyèsí pé ìpele òkúta kọ̀ọ̀kan ló ní irú ìkarahun àti egungun ẹ̀dá tirẹ̀ tó ti di òkúta nínú rẹ̀. Ó tẹ àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1815 gẹ́gẹ́ bí àwọn ìpele náà ṣe tò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi pín ìtàn ayé sí sáà-sáà tí wọ́n sì sọ sáà kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Ṣùgbọ́n àkìtàn kò lè sọ iye ọdún. Ó kàn lè sọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tó jẹ́ àbúrò ni. Ọ̀nà kejì ló ń sọ iye ọdún. Èròjà kan wà nínú òkúta mìíràn tí wọ́n ń pè ní uranium. Díẹ̀díẹ̀ ni uranium ń yí padà di òjé. Irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ń gba nǹkan bí 4,470 mílíọ̀nù ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó di òjé, òjò tàbí ọ̀gbẹlẹ̀ kò sì lè yí ìṣirò yìí padà. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn uranium àti òjé inú hóró òkúta kan yóò mọ ìgbà tí òkúta náà dì, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wo eérú inú ààrò ṣe lè mọ iye igi tó ti jó níbẹ̀. Arthur Holmes, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà yìí ní 1913. Ní 1956, Clair Patterson, ará Amẹ́ríkà, wọn òjé inú àwọn òkúta tó já bọ́ láti ojú òfuurufú, ó sì rí i pé ọjọ́ orí ayé wa jẹ́ nǹkan bí 4,550 mílíọ̀nù ọdún. Gbogbo ìwádìí tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà náà kò yẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ títí.

OKO IGBA MẸ́TÀLÉLÓGÚN

Mílíọ̀nù ọdún kì í ṣe ohun tí ọkàn ènìyàn ń gbé bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí ẹ mọ̀ wọ̀n ọ́n. Gbogbo yín lẹ mọ igba ebè, nítorí òun ni a fi ń bá alágbàṣe dúnàá-dúrà. Ẹ jẹ́ kí ebè kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan. Igba ebè kan yóò jẹ́ 200 mílíọ̀nù ọdún. Kí ìṣirò lè rọrùn, ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́ orí ayé sí 4,600 mílíọ̀nù ọdún. Igba mẹ́tàlélógún ebè nìyẹn. A ó bẹ̀rẹ̀ láti etí igbó, a ó máa kọ ebè bọ̀ síhà ahéré. Ibi tí ebè ìkẹyìn parí sí ni òní.

Ní igba kìíní, ayé gbóná janjan, òkúta rẹ̀ yọ́ bí òrí inú iná. Kí igba náà tó parí, ojú rẹ̀ ti ń dì. Hóró òkúta tó pẹ́ jù tí a tíì rí, ìwọ̀-oòrùn Australia ni wọ́n ti rí i, nǹkan bí 4,400 mílíọ̀nù ọdún ni ọjọ́ orí rẹ̀.

Nínú igba kẹfà ni a ti rí àmì tó dájú pé ohun ẹlẹ́mìí wà. Ohun tín-ín-tín inú omi ni, ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Nígbà tí igba kọkànlá ń parí lọ, ìran èérí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù nínú omi adágún ti ń tu afẹ́fẹ́ ọ́síjìn jáde débi pé ó yí afẹ́fẹ́ ayé padà. Iṣẹ́ kan náà ni ewé ẹ̀gẹ́ yín ń ṣe lójú oòrùn títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a máa kọ ebè lọ. Nígbà tí a bá ti kọ ogún igba tán, oko kù díẹ̀ kó tán, síbẹ̀ kò tíì sí igi kan lórí ilẹ̀, kò sí koríko, kò sí ẹyẹ, kò sí ẹja. Àsìkò gígùn yìí ni wọ́n ń pè ní Precambrian. Ìparí ogún igba yìí, nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní àkókò náà, ilẹ̀ ńláńlá kọlu ara wọn, òkúta yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó sì dì sí ibẹ̀. Òjò àti oòrùn ti wá họ ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò, ohun tó kù ló yọrí síta. Àwọn àpáta bí Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti òkè Ìdànrè wà lára irú akọ òkúta bẹ́ẹ̀. Àwọn òkúta kan ní ìhà Ìbàdàn tilẹ̀ dàgbà jù wọ́n lọ, wọ́n ti lé ní 2,000 mílíọ̀nù ọdún.

Igba mẹ́ta péré ló kù, inú rẹ̀ sì ni gbogbo ẹranko àti igi tí a mọ̀ ti jáde wá. Nígbà tó ku nǹkan bí ebè 539 ni sáà tí wọ́n ń pè ní Paleozoic bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá oníkarahun kún inú òkun, ẹja tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó ku nǹkan bí ebè 470, ewéko gun orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní Rhynie, ní ilẹ̀ Scotland, wọ́n rí ewéko tó ti di òkúta láti nǹkan bí 407 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ìran olú sì wà nínú ara rẹ̀. Ìran olú bẹ́ẹ̀ wà nínú gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo yín lónìí, ó ń bá wọn wá oúnjẹ tí gbòǹgbò nìkan kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ewéko àti olú yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ òkúta fífọ́ di erùpẹ̀ tí nǹkan lè hù lórí rẹ̀. Kí wọ́n tó dé, kò sí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ kankan ì bá lè ro.

Ní igba kejìlélógún, igbó ńláńlá hù sínú irà, ó wó, ilẹ̀ sì bò ó. Òun ló di èédú tí wọ́n máa ń wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ku nǹkan bí ebè 252, òkè ayọnáyèéfín bú ní ìhà Siberia fún ìgbà pípẹ́, ayé gbóná, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ẹ̀dá inú òkun sì kú run. A kò tíì rí ikú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Sáà tó tẹ̀ lé e ni Mesozoic, sáà àwọn ẹ̀dá fàkìàfakia tí wọ́n ń pè ní dinosaur.

Igba ìkẹyìn là ń kọ yìí. Nígbà tó ku ebè 66, òkúta ńlá kan tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 10 já láti ojú ọ̀run sí ibi tí a ń pè ní Mẹ́síkò lónìí. Eruku bo oòrùn. Bí a bá ka irú ẹ̀dá mẹ́rin, nǹkan bí mẹ́ta ló run. Àwọn dinosaur lọ, àfi ìran wọn kan tó ní ìyẹ́. Ìran náà ni ẹyẹ gbogbo, títí kan adìyẹ tó ń jẹ̀ ní àgbàlá yín. Cenozoic ni sáà tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, òun la sì wà nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú ti gbilẹ̀, inú rẹ̀ sì ni koríko ti gba pápá. Ẹ má gbàgbé pé ìran koríko ni àgbàdo, ìrẹsì àti ọkà bàbà.

Ènìyàn bí tiwa ńkọ́? Egungun irú wa tó pẹ́ jù tí a tíì rí, Morocco ni wọ́n ti rí i, ó tó nǹkan bí 300,000 ọdún. Kò tó ìdá mẹ́ta ebè ìkẹyìn. Ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965, ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní 11,000 ọdún. Iṣẹ́ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì ju nǹkan bí 10,000 sí 12,000 ọdún lọ ní gbogbo ayé. Bí a bá pín ebè ìkẹyìn sí ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, gbogbo ìtàn àgbẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ gbin irúgbìn títí dé ọ̀dọ̀ yín, kò ju nǹkan bí ìdá kan lọ níbẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan ni.

NÍGBÀ TÍ ÁFÍRÍKÀ ÀTI BRAZIL JẸ́ ILẸ̀ KAN

Bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rìn. Ìsàlẹ̀ ayé gbóná, òkúta ibẹ̀ sì ń yí díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀kọ tó ń hó nínú ìkòkò, àmọ́ ó lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Òkúta pẹrẹsẹ ńláńlá tí ilẹ̀ àti òkun wà lórí wọn ń bá a lọ. Ìrìn wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ lọ́dún, bí èékánná ọwọ́ ṣe ń hù.

Ní 1912, Alfred Wegener, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, sọ pé gbogbo ilẹ̀ ayé ti so pọ̀ rí. Ó wo etí òkun Áfíríkà àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà, ó rí i pé wọ́n bá ara wọn mu bí ààbọ̀ igbá méjì tó ti inú akèrègbè kan wá. Egungun ẹ̀dá kan tó dà bí ọ̀ọ̀nì kékeré, tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ la òkun ńlá kọjá, wà nínú òkúta ìhà gúúsù Áfíríkà, ó sì wà nínú òkúta Brazil. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà fún un. Ó kú ní Greenland ní 1930 kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ṣẹ.

Ní 1967, Patrick Hurley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà àti Brazil mú ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà wa. Wọ́n mọ̀ pé nítòsí Accra, ní ilẹ̀ Ghana, ààlà kan wà láàrin òkúta tó tó nǹkan bí 2,000 mílíọ̀nù ọdún àti èyí tó tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún, ààlà náà sì wọ inú òkun lọ. Wọ́n ní bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ilẹ̀ méjèèjì ti so pọ̀ rí, ààlà náà gbọ́dọ̀ jáde ní òdìkejì òkun, nítòsí ìlú São Luís ní Brazil. Wọ́n wọn òkúta ibẹ̀, ààlà náà sì wà níbẹ̀. Apá ibi tí òkúta ti jẹ́ bíi 600 mílíọ̀nù ọdún ni àpáta ilẹ̀ Yorùbá wà. Ọmọ ìyá ni òun àti àpáta àríwá ìlà-oòrùn Brazil.

Inú igba ìkẹyìn ni wọ́n yà. Nígbà tó ku nǹkan bí ebè 130, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ya láti ìhà gúúsù bọ̀. Nígbà tó fi máa ku nǹkan bí ebè 100, omi òkun ti la àárín wọn já. Òkun tí wọ́n kó àwọn baba ńlá àwọn Yorùbá Brazil àti Cuba gbà kọjá nígbà òwò ẹrú, ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀ rí.

OHUN TÍ ÌYAPA NÁÀ ṢE SÍ OKO WA

Nígbà tí òkun là wọ́n, ewéko ìhín àti ti ọ̀hún kò ríra mọ́. Olúkúlùkù dàgbà sí ọ̀nà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣu funfun, ẹ̀wà, ọ̀pẹ, obì àti ataare fi jẹ́ ti Áfíríkà, tí ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kòkó, ẹ̀pà, tòmátò àti ata sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn ni ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé wọn la òkun tó ti yà wọ́n kọjá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí irúgbìn bá rìnrìn-àjò, ọ̀tá rẹ̀ lè dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tipẹ́ yóò rántí kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun tó ń ká orí ẹ̀gẹ́ kò. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Congo ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kò pẹ́ tó fi dé Nàìjíríà, ó sì ń sọ oko ẹ̀gẹ́ di ahoro. Kò sí ohun tó ń pa á jẹ níhìn-ín, nítorí ọ̀tá rẹ̀ wà ní òdìkejì òkun. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí Hans Herren ṣáájú fún, bá ọ̀ràn náà lọ sí orísun rẹ̀. Ní 1981 wọ́n rí irú agbọ́n tín-ín-tín kan ní Paraguay tó ń yé ẹyin sínú kòkòrò náà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí wọ́n tó mú un wá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà. Ó tàn ká, agbára kòkòrò náà sì wálẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà láìjẹ́ pé àgbẹ̀ ra oògùn fínfín. Herren gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé nítorí rẹ̀ ní 1995.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó èèhù tàbí igi ẹ̀gẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè wọlé láìjẹ́ kí ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò. Òkun tó ti dá ohun méjì dúró fún 100 mílíọ̀nù ọdún, àpò ìrìn-àjò kan lè pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan.

ÀPÁTA ABẸ́ OKO YÍN

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ kànga. Ìbàdàn, Ìṣẹ́yìn, Ṣakí, Òṣogbo, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì, orí àpáta àtijọ́ ni wọ́n wà. Akọ òkúta kì í gba omi sínú. Ibi tó ti jẹrà di erùpẹ̀ lókè àti ibi tó ti sán nísàlẹ̀ ni omi ń fara pamọ́ sí. Nítorí náà, kànga méjì lè wà ní ìwọ̀n ilé méjì síra wọn, kí ọ̀kan ní omi kí èkejì gbẹ.

Ṣùgbọ́n Ìlarò, Ìfọ̀, Ìkòròdú títí dé Okìtìpupa wà lórí ilẹ̀ tí òkun àti odò kó jọ lẹ́yìn tí Brazil ti yà lọ. Etí ilẹ̀ wa rì díẹ̀, omi wọlé, iyanrìn àti amọ̀ sì tò lórí ara wọn. Ọ̀dà tó ń sun jáde ní Agbábù, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, inú irú iyanrìn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ló wà. Òkúta Ewékorò, tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, ìkarahun àti ẹ̀dá inú òkun ló pọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tó ku nǹkan bí ebè 60 ló kóra jọ. Ní ìhà ibí yìí, omi pọ̀ láàrin iyanrìn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kànga kò lágbára.

Ohun tí ẹgbẹ́ yóò ṣe nìyí. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ àpáta, ẹ má ṣe san owó fún ẹnikẹ́ni kó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wádìí ibi tí òkúta ti jẹrà jinlẹ̀ tàbí tó ti sán. Owó ìwádìí náà kéré sí owó kànga méjì tí kò lómi. Bí ó bá jẹ́ kànga ọwọ́, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ilẹ̀ ti wálẹ̀ jù. Kànga tó bá lómi nígbà náà kò ní já yín kulẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú rẹ̀ láìsí rìǹgì kọnkéré tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nílẹ̀ méjèèjì, ẹ jẹ́ kí kànga jìnnà sí ṣálángá, kó sì wà ní òkè rẹ̀.

Ti ajílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òjò ti ń fọ ilẹ̀ wa fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún, ó ti fọ púpọ̀ nínú oúnjẹ irúgbìn lọ, ó fi irin tó sọ ilẹ̀ di pupa sílẹ̀. Níbi mìíràn, irin náà ti dì di yangí. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ wa fi ń yára rẹ̀. Fọ́sífọ́ọ̀sì inú ajílẹ̀ oníhóró, inú òkúta ni wọ́n ti ń wà á. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń wa irú rẹ̀ ní Hahotoé, ní ilẹ̀ Togo, òkú ẹ̀dá inú òkun àtijọ́ sì wà nínú ohun tó dá a sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń fọ̀ ọ́, ó ń lọ̀ ọ́, kò lè dá a. Kò yẹ kí a dà á sílẹ̀ kí àgbàrá gbé e lọ sí odò. Ẹ bo ajílẹ̀ mọ́lẹ̀ nítòsí ìdí irúgbìn, ẹ má kàn fọ́n ọn sójú ilẹ̀ nígbà tí òjò ńlá bá ṣú.

Ẹ̀KÚNWỌ́ ERÙPẸ̀ ORÍ EBÈ ÌKẸYÌN

Èyí tó ṣe kókó jù ni a fi sí ìparí. Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé sọ pé ó lè gba tó 1,000 ọdún kí sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 erùpẹ̀ tó dá. Bí erùpẹ̀ dúdú oko yín bá jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, iṣẹ́ ọdún 5,000 sí 7,500 lè wà níbẹ̀. Kò sí ọba tó jẹ nílẹ̀ wa tí ìtàn rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, lórí ilẹ̀ dídagẹ̀rẹ́ tí a sun igbó rẹ̀, tí a ro mọ́ fẹ́ẹ́, tí a sì kọ ebè rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀, òjò ọdún mélòó kan lè kó o tán.

Àwọn onímọ̀ IITA wọn ọ̀rọ̀ yìí ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970. Rattan Lal, tó gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 2020, wà lára wọn. Wọ́n fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ lásán, wọ́n fi pòròpórò àti koríko gbígbẹ bo òmíràn, òjò kan náà sì rọ̀ sí méjèèjì. Ilẹ̀ ìhòòhò pàdánù erùpẹ̀ rẹpẹtẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n bò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ohunkóhun.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín:

1. Ẹ má ṣe sun pòròpórò àgbàdo àti ewé tí ẹ bá ro. Ẹ tẹ́ ẹ sí ojú ilẹ̀. Ekòló àti ìran olú yóò sọ ọ́ di erùpẹ̀.

2. Lórí ilẹ̀ dídagẹ̀rẹ́, ẹ kọ ebè tàbí poro dábùú ọ̀nà omi, kó má bàa rí ọ̀nà sá lọ.

3. Ẹ gbin ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀wà sáàrin iṣu, ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo, kí ewé tètè bo ilẹ̀ kí òjò ńlá tó dé.

4. Ẹ jẹ́ kí igi díẹ̀ àti koríko dúró ní etí odò àti ní ààlà oko.

5. Kí ẹgbẹ́ dá owó jọ ṣe àyẹ̀wò ilẹ̀ kí wọ́n tó ra ajílẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ilẹ̀ kan, tàbí ilẹ̀ iyanrìn pupa, nílò ìyẹ̀fun irú òkúta Ewékorò, òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín.

Ilẹ̀ tí a bá kò pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá jogún ohun tí ó gba 6,000 ọdún kó tó dá, kò yẹ kó na án tán kí ọmọ rẹ̀ tó dàgbà. Àwọn dinosaur kò ní ẹni tó kìlọ̀ fún wọn. Àwa ní, àpáta ń kìlọ̀ fún wa.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Irú ilẹ̀ wo ni abúlé wa wà lórí rẹ̀, ti àpáta ni tàbí ti iyanrìn? Kí ni àwọn tó gbẹ́ kànga níhìn-ín kàn nísàlẹ̀?

2. Irúgbìn wo nínú oko wa ló jẹ́ ti Áfíríkà, èwo ló ti òdìkejì òkun wá? Kòkòrò wo ló ti bá wọn dé?

3. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sí oko mẹ́ta, ọ̀kan lókè, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan nísàlẹ̀. Báwo ni erùpẹ̀ dúdú ṣe jìn tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Kí àwọn àgbà sọ bó ṣe rí nígbà èwe wọn.

4. Nínú ìmọ̀ràn márùn-ún òkè yìí, èwo ni ẹgbẹ́ wa yóò bẹ̀rẹ̀ ní àkókò òjò tó ń bọ̀?